Gẹ̀ẹ́sì Tí A Ń Sọ Lọ́jà, Ṣé Ó Tún Yẹ Kí Á Lọ Kọ́ Ọ ní Yunifásítì?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo yà sí ìsọ̀ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọmọ Yorùbá tí ń ta gàrí àti ẹ̀wà ní Nyanya, ní etí ìlú Àbújá. Inú bàbá náà kò dùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti sọ fún un pé ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìbánisọ̀rọ̀ ni òun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì. Bí mo ti kí i tán ni ó wí pé: "Àbúrò mi, bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo wa ń sọ ní ọjà Wuse, ṣé òun náà ni ènìyàn yóò tún san owó lọ kọ́ fún ọdún mẹ́rin? Ẹni tí ó bá ka òfin, lọ́yà ni a ó pè é. Ẹni tí ó bá ka ìṣègùn, dókítà ni. Ẹni tí ó ka Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́, kí ni a ó máa pè é?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti bàbá náà nìkan. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí tí ń ka ojú-ewé yìí ní Kano, ní Jos, ní Kaduna àti ní Port Harcourt ni ó ti bi ara yín ní irú rẹ̀ rí. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.

Ní àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ kò lè wọlé rárá. Bí a ti ṣe to èdè náà pọ̀ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ìró rẹ̀, gírámà rẹ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ kan náà fi lè tu ẹnì kan nínú kí ó sì bí ẹlòmíràn nínú. Wọ́n ń ka eré onítàn, ewì àti ìtàn àròsọ, wọ́n sì ń tú wọn palẹ̀. Ní apá ti ìbánisọ̀rọ̀, wọ́n ń kọ́ bí a ti ń kọ ìròyìn, bí a ti ń ṣe àtúnṣe sí iṣẹ́ òǹkọ̀wé, bí a ti ń ṣe ètò orí rédíò àti tẹlifíṣàn, bí a ti ń polówó ọjà, àti bí iléeṣẹ́ ti ń bá aráàlú sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ọmọ àná ní ilẹ̀ wa. Kọ́lẹ́jì Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé wa àkọ́kọ́ ti ka Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1961, wọ́n dá Kọ́lẹ́jì Jackson sílẹ̀ ní yunifásítì Nsukka fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Lónìí, Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, ó sì ní ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀ àti ọgbọ́n èdè lọ́tọ̀. Ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ tilẹ̀ ti gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ NUC, tí ń ṣàkóso ẹ̀kọ́ yunifásítì, fi là á sí ẹ̀ka méje. Iṣẹ́ ìròyìn, ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ìpolówó ọjà àti fíìmù wà lára wọn.

Gbogbo àlàyé yìí ni mo ṣe fún bàbá náà, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ létí. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe fún ìjọba, iṣẹ́ kan sì wà nínú àpò mi ní ọjọ́ náà. Ìkéde nípa àrùn onígbáméjì ni, tí mo ń yí láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ó ń sọ bí a ti ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ń ṣu tí ó sì ń bì. Mo fún ọmọbìnrin náà ní ti Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún bàbá rẹ̀. Ó ṣe é dáradára títí ó fi dé ibi iyọ̀. Ó ní: "Ẹ bu iyọ̀ ṣíbí kan." Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì ka ti èmi alára jáde: "ṣíbí tíì kan." Mo rò pé ó ti parí.

Bàbá náà, tí ó ti ń fetí sí wa láti ẹ̀yìn àpò ẹ̀wà, béèrè pé: "Ṣíbí tíì wo? Èyí tí iyọ̀ ga lórí rẹ̀ bí òkè ni, tàbí èyí tí ó tẹ́jú?" Ó nawọ́ sí múdù tí ó fi ń wọn ọjà. "Bí mo bá wọn ẹ̀wà kí ó lórí, tí mo sì tún wọn ọ́n kí ó tẹ́jú, ṣé iye kan náà ni?"

Ojú tì mí díẹ̀. Ìkéde Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ pé kí iyọ̀ inú ṣíbí náà tẹ́jú; ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, èmi tí mo gba oyè ni mo sì fò ó dá. Bẹ́ẹ̀ iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù nínú omi yìí lè ṣe ọmọ kékeré ní jàǹbá. Lójú ẹsẹ̀ ni mo mú kálámù, mo sì kọ ọ́ pé kí á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí ṣíbí náà kí ó tẹ́jú. "Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, "iṣẹ́ tí ọmọ yín fẹ́ lọ kọ́ nìyí. Ẹ̀yin ni ẹ sì kọ́ mi níbi tí ó kù sí." Bàbá náà dákẹ́, ó ń ronú.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kíyè sí i pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà tó. Òye Yorùbá ni ó kù fún un, ó sì kù fún èmi náà. Àwọn tí wọ́n lókìkí nínú ẹ̀kọ́ yìí, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ṣe é. Wọlé Ṣóyínká ka Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn àti ní Leeds; ní 1968, ìtumọ̀ tí ó ṣe sí ìwé Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ka Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, síbẹ̀ òwe àti orin Yorùbá ni ó fi ń gbé ewì rẹ̀ dìde. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ka èdè Faransé, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó padà wá kọ, òun náà ni ó sì yí eré Ṣóyínká nípa Ẹlẹ́ṣin Ọba Ọ̀yọ́ sí Yorùbá.

Iṣẹ́ ń dúró de irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní Àbújá yìí ni olú-iléeṣẹ́ rédíò Voice of Nigeria wà, tí ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ sí ayé. Òfin ìpìlẹ̀ 1999, ní abala 55, sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò máa lò, pẹ̀lú Hausa, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí ètò tí ó péye bá wà. Ta ni yóò ṣe ètò náà bí kò bá sí àwọn tí ó gbọ́ èdè méjèèjì délẹ̀?

Ṣùgbọ́n níbo ni ọmọ wa tí a bí sí ẹ̀yìn odi yóò ti rí Yorùbá kọ́? Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí á fi máa kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, minisita ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, kéde ní Àbújá pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò kù sẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nísinsìnyí, inú ilé ni Yorùbá kù sí. Ẹ̀yin òbí ni olùkọ́.

Ní ti ìwọlé, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ọmọ má fi lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣeré, nítorí pé àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí sábà máa ń béèrè rẹ̀. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lè kà á ní National Open University, tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jabi. N kò ní tàn yín jẹ o: ìwé-ẹ̀rí yìí kò dárúkọ iṣẹ́ bí ti dókítà. Ọmọ lè di olóòtú, akọ̀ròyìn, ògbufọ̀ tàbí agbóhùnsáfẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti máa kọ̀wé láti inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, kí ó lè ní iṣẹ́ tí yóò fi han ẹni tí yóò gbà á.

Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, bàbá náà pe ọmọ rẹ̀. Ó ní: "Lọ gba fọ́ọ̀mù rẹ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìsọ̀ yìí ni kí o máa wá jókòó sí, kí o máa gbọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀." Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ jẹ́ kí tiwa máa ṣàn.