Ọmọ Tí Ọrùn Rẹ̀ Kò Gbé Orí

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí n dáhùn lónìí: bí ọmọ ọwọ́ bá rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí aṣọ tútù, tí dókítà sì ní òun fẹ́ gé bíńtín nínú ẹran itan rẹ̀ lọ wò, kí ni ó ń wá?

Ẹran ara kì í dá ṣiṣẹ́. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni àṣẹ ti ń gba ojú iṣan wá bá a. Nínú àrùn tí wọ́n ń pè ní spinal muscular atrophy, ibi tí àṣẹ ti ń wá ni ó ń kú. Ẹran tí kò rí àṣẹ gbà yóò sì joro. Wọn yóò fún ọmọ ní oògùn kí ó má baà mọ ìrora, wọn yóò gé ẹran díẹ̀, wọn yóò sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Bí ẹran náà bá joro ní agbo-agbo, ó jẹ́ àmì pé ọ̀dọ̀ iṣan ni àrùn ti wá.

Ṣùgbọ́n ní 1995, Judith Melki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé rí àbùkù àjogúnbá tí ń fa àrùn náà. Láti ìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ lè sọ ohun tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ wá. Nítorí náà ẹ bi dókítà yín pé: “Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a lè kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò?” Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá fi nǹkan hàn, tí ó sì tún béèrè ẹran, ẹ má ṣe kọ̀, àrùn mìíràn lè wà níbẹ̀.

Ẹ má wá ẹni tí ó ṣe ọmọ náà. Ó dà bí ọ̀ràn AS tí ẹ mọ̀: òbí méjèèjì lè gbé e láìṣàìsàn, kí oyún kọ̀ọ̀kan sì ní ewu 1 nínú 4.

Àmì rẹ̀ nìyí: ọmọ pé oṣù 4, ọrùn kò gbé orí, ẹsẹ̀ là sílẹ̀ bí ti ọ̀pọ̀lọ́, ẹkún kò lágbára, ahọ́n ń gbọ̀n, ikùn ni ó fi ń mí, síbẹ̀ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí Ọsibítù Ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín. Wọ́n lè kọ ìwé fún yín lọ sí ọsibítù Yunifásítì ní Ṣàgámù tàbí UCH ní Ìbàdàn.

Láti 2016 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ fún un. Ó wọ́n púpọ̀, kì í sì í jí iṣan tí ó ti kú; èyí tí ó kù ni ó ń gbà là. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.