Erékùṣù Tí Kò Ní Owó Orí

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé ilẹ̀ kan wà lójú òkun Kàríbíánì, tí ìjọba ibẹ̀ kì í yọ kọ́bọ̀ owó orí nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, ìbáà ṣe onílẹ̀, ìbáà ṣe àtìpó, ọkàn rẹ̀ a sọ fún un pé ọ̀nà ọlà ti là. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran, ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Grand Cayman ni mo ń wí, èyí tó tóbi jù nínú àwọn erékùṣù mẹ́ta tó ń jẹ́ Cayman, tí wọ́n wà lábẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Àwọn àjèjì lé ní ìdajì ará ibẹ̀: agbẹjọ́rò àti oníṣirò owó láti Lọ́ńdọ̀nù àti Kánádà, ọmọ Jàmáíkà àti ti Filipíìnì tí wọ́n ń kọ́lé, tí wọ́n ń gbálé, tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ìjọba kì í jẹ afẹ́fẹ́. Níwọ̀n bí ilẹ̀ náà ti jẹ́ àpáta pẹrẹsẹ tí kò ní odò, tí oko rẹ̀ kò sì tó nǹkan, láti orí ìṣó dé orí bẹ́ẹ̀dì, orí alagbalúgbú omi òkun ni ẹrù ń gbà wọlé, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti Florida. Èbúté sì ni ìjọba jókòó sí dè é. Bí wọ́n tilẹ̀ yọ oúnjẹ kòṣeémánìí díẹ̀ sílẹ̀, ìdá 22 nínú 100 ni owó ibodè lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà, kí oníṣòwò tó gbé owó ọkọ̀ àti èrè tirẹ̀ lé e. Lójú tèmi, owó orí ń bẹ níbẹ̀ dáadáa: ẹni tó wọ bàtà ti san án, ẹni tó tanná ti san án. Epo díísù tí ọkọ̀ òkun ń gbé wá ni wọ́n fi ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ni ooru kì í jẹ́ kí ènìyàn pa ẹ̀rọ amúlétutù. Omi ẹ̀rọ pàápàá, omi òkun tí wọ́n yọ iyọ̀ rẹ̀ ni.

Dọ́là wọn kan jẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà 1.20, nítorí náà ọjà tí wọ́n kọ 10 sí lára, 12 ni fún ẹni tó fi ti Amẹ́ríkà ṣírò. Ilé ló burú jù, pàápàá lẹ́bàá etíkun Seven Mile Beach. Láti ìgbà tí ìjì Ivan ti ba ilé jẹ́ rẹpẹtẹ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, kò sẹ́ni tó ń fojú kékeré wo inṣọ́ránsì ilé mọ́, ayálégbé ni yóò sì gbé ẹrù náà níkẹyìn.

Agbanisíṣẹ́ ni òfin ní kó san owó ìwé àṣẹ iṣẹ́, kó sì san ìdajì inṣọ́ránsì ìlera òṣìṣẹ́, ó kéré tán. Ti aya àti ọmọ kò kàn án. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ọmọ onílẹ̀ ló wà fún ní pàtàkì, àjèjì a wá ti aládàáni lọ. Agbẹjọ́rò lè jẹ ìwọ̀nba, kó kó yòókù sí báńkì. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù jáde ní ọdún 2016, dọ́là Cayman 6 péré ni fún wákàtí kan, inú rẹ̀ ni ọmọ-ọ̀dọ̀ yóò ti jẹun, tí yóò sì ti fi nǹkan ránṣẹ́ sílé; abájọ tí àwọn bẹ́ẹ̀ fi ń gbé pọ̀ nínú yàrá kan. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ sì ní iye ọdún tí kò lè kọjá. Ẹni tí kò bá gba ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ títí láé yóò kó kúrò nílùú fún ọdún kan gbáko, kó tó lè padà wá wáṣẹ́.