Fífi Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Gbé Ètò Olùdarí Wọ Inú Sáfà: Ìwúlò àti Ewu Rẹ̀

1. Ìfáárà

Kókó tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ọ̀nà tí a lè gbà fi ètò olùdarí sínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ètò olùdarí ni ètò tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ kankan fún wa; Linux àti Windows jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Sáfà sì ni kọ̀ǹpútà tí ń pèsè ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni èyí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún náà, àjọ JAMB, tí ń ṣe ìdánwò àwọn tí ó fẹ́ wọ yunifásítì, jẹ́wọ́ pé àtúnṣe kan tí ó yẹ kí ó dé orí gbogbo sáfà ìdánwò kò dé orí àwọn tí ó wà fún Èkó àti ìhà Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Ibùdó ìdánwò 157 nínú 887 ni ọ̀ràn náà kàn; a sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 wá tún ìdánwò ṣe. Lóòótọ́, àtúnṣe ètò ìdánwò ni ọ̀rọ̀ yẹn dá lé, kì í ṣe ètò olùdarí. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ní: àwọn sáfà tí ó yẹ kí wọ́n jọra kò jọra, a kò sì tètè mọ̀.

2. Bí iṣẹ́ náà ti ń lọ

Sáfà tuntun tí kò ní nǹkan kan nínú dà bí àlejò tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté lóru. Kò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹni tí ó bá lè gbọ́ ni ó ń ké sí. Ní kété tí a bá tàn án, yóò ké jáde sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé òun ń wá àdírẹ́sì. Sáfà mìíràn tí a ti fi sípò tẹ́lẹ̀ yóò dá a lóhùn nípa ìlànà DHCP: yóò fún un ní àdírẹ́sì, yóò sì dárúkọ fáìlì tí yóò kọ́kọ́ gbà. Ìlànà TFTP ni ó fi ń gba fáìlì kékeré yìí, fáìlì náà ni yóò sì lọ mú ètò tí ń ṣe ìgbékalẹ̀ wá.

Àwọn ìlànà wọ̀nyí kì í ṣe tuntun. A ti ṣe àlàyé TFTP sínú ìwé ní 1981. BOOTP, tí DHCP ti ara rẹ̀ jáde ní 1993, dé ní 1985. Nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ, ilé-iṣẹ́ Intel pa wọ́n pọ̀ sínú ìlànà tí à ń pè ní PXE.

Ìbéèrè ni ó kù. Èdè wo ni a ó lò? Báwo ni a ó ti pín dísìkì? Àwọn ètò wo ni a ó fi kún un? Dípò kí ènìyàn máa tẹ ìdáhùn nídìí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, a ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo. Kickstart ni àwọn Red Hat ń pe irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Preseed ni ti Debian.

3. Òde-Máhìn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé a fẹ́ fi sáfà 20 sí Òde-Máhìn, ibùjókòó Amapetu, ní ilẹ̀ olómi àwọn Ìlàjẹ. Bí sáfà kọ̀ọ̀kan yóò bá gba gígábáìtì 2 láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, 40 ni a ó san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ìlú náà, 2 péré ni yóò wọlé.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ọ̀rọ̀ ènìyàn. Atẹ́gùn oníyọ̀ a máa jẹ irin, iná tí ń ṣe ségesège a sì máa ba dísìkì jẹ́. Bí dísìkì bá bàjẹ́ ní ọ̀la ìdánwò, kò ní di dandan kí a ránṣẹ́ pe ọ̀gá oníṣẹ́ ẹ̀rọ láti Àkúrẹ́. Ẹni tí ó wà nítòsí yóò fi dísìkì tuntun sí i, yóò tàn án, sáfà náà yóò sì dà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìmọ̀ tí ó wà lórí ẹnì kan ti di ohun àkọsílẹ̀ tí ará ìlú lè kà.

4. Àwọn ewu

Èkíní, bí a bá fi sáfà sílẹ̀ kí ó máa kọ́kọ́ wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbàkígbà tí ó bá jí, ó lè máa nu dísìkì ara rẹ̀ kí ó sì máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun. A gbọ́dọ̀ ṣètò pé, bí iṣẹ́ bá ti parí, dísìkì rẹ̀ ni yóò máa wò.

Èkejì, àlejò orí èbúté kò mọ olóòótọ́ yàtọ̀ sí olè. TFTP kì í béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìgbékalẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, kí a má sì kọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ní gbangba sínú fáìlì ìdáhùn.

Ẹ̀kẹta, àṣìṣe kan nínú fáìlì náà yóò di àṣìṣe ogún. Kí a kọ́kọ́ dán an wò lórí sáfà kan ṣoṣo.

5. Ìkádìí

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìgbékalẹ̀ yìí kò ní kí a má ṣọ́ sáfà mọ́: àtúnṣe tí ó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kárí, a sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò pé ó kárí. Ohun tí ó fún wa ni òṣùwọ̀n kan tí a kọ sílẹ̀, tí a lè fi sáfà kọ̀ọ̀kan wé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sídìí rẹ̀.