Adìẹ Ẹlẹ́sẹ̀ Kíkán àti Iṣẹ́ A-to-eegun

Bí ọ̀kadà bá gbé ènìyàn ṣubú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ilé ìwòsàn, ẹnìkan nínú èrò á ti dárúkọ bàbá kan tó ń to eegun. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè ìwé ẹ̀rí. Bàbá rẹ̀ to eegun, bàbá bàbá rẹ̀ to eegun, ìyẹn ti tó.

Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí wọ́n ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ní Ìgbóbì, ni ilé ìwòsàn eegun ti wà l'Ékòó. Síbẹ̀, oníbàárà kò wọ́n àwọn a-to-eegun. Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù pé dókítà á gé ẹsẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé orúkọ wọn ró jù ni pé àwọn tí wọ́n tọ́jú ń rìn. Àríyànjiyàn gidi wà níbẹ̀ yẹn, pàápàá tó bá kan ọrùn ẹsẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọrùn ẹsẹ̀ tó wú kò kán rárá. Ó rọ́ ni, iṣan ló fà tàbí ló ya. Ní 1992, àwọn dókítà ní Ottawa, ní Kánádà, gbé ìlànà kan jáde nítorí pé fọ́tò eegun tí wọ́n ń yà lásán ti pọ̀ jù: bí ènìyàn bá lè fi ẹsẹ̀ náà rin ìṣísẹ̀ 4, tí kò sì dùn ún nígbà tí wọ́n tẹ eegun kókósẹ̀ àti àwọn ojú ibì kan ní àárín ẹsẹ̀, kò sídìí fún fọ́tò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ a-to-eegun, tí wọ́n á sọ fún un pé eegun rẹ̀ ti kán, tí wọ́n á fi ọparun àti aṣọ dì í. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ń rìn. Kódà bí kókósẹ̀ òde nìkan bá kán, tí kò yẹ̀ kúrò nípò, á so fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ṣáà ti mú un dúró. Ìdì P.O.P ilé ìwòsàn pàápàá kò ṣe ju ìyẹn lọ fún un. Ara wo ara rẹ̀ sàn, ẹlòmíì gba ìyìn.

Adìẹ ńkọ́? Àwọn a-to-eegun kan ṣì máa ń ṣẹ́ adìẹ lẹ́sẹ̀, wọ́n á dì í, wọ́n á fi òrí àti ewé tí wọ́n fi tọ́jú aláìsàn tọ́jú òun náà. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, aláìsàn á dìde. Àwọn tó kàwé ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ìrònú wà nínú rẹ̀. Aago ni adìẹ náà. Ó ń fún aláìsàn ní sùúrù tí dókítà kì í ráyè fún un. Àléébù rẹ̀ ni pé ó yá jù. Eegun ẹyẹ lè so láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3. Ọrùn ẹsẹ̀ àgbàlagbà ń gba ọ̀sẹ̀ 6, ó kéré tán, gìgísẹ̀ tó rún sì lè gba oṣù 3 kó tó gba ìwúwo ara.

Gìgísẹ̀ gan-an ni ibi tí orúkọ rere ti máa ń fọ́. Bíríkìlà tó jábọ́ láti orí àkàbà lè fọ́ gìgísẹ̀, kí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ náà sì kán, ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ nìkan kò ní mọ̀. Bí kókósẹ̀ inú àti ti òde bá jọ kán, tí ẹsẹ̀ yẹ̀, àfi kí eegun padà sí ojú oríkèé rẹ̀ gẹ́lẹ́; bí ó bá fi díẹ̀ ṣẹ́kù, kerekere á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Títiro ẹ̀ lè má fara hàn fún ọdún díẹ̀. Nígbà yẹn, òtútù ni wọ́n á dá lẹ́bi, tàbí ọjọ́ orí, tàbí ará ilé. Ta ló máa rántí a-to-eegun?

Èyí tó burú jù ni dídì tó le jù lórí ẹsẹ̀ tó ṣì ń wú. Ẹ̀jẹ̀ kò kọjá mọ́, ìka ẹsẹ̀ á tutù, á dúdú, kò ní mọ ìfọwọ́kàn mọ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè má tilẹ̀ jẹ̀rora. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá nígbẹ̀yìn, níbi tí kò sí ọ̀nà mìíràn ju gígé lọ. Àdúgbò á wá rí i pé ọwọ́ dókítà ni ẹsẹ̀ ti lọ, ẹlòmíràn tó bá kán lẹ́sẹ̀ á sì tún gba ọ̀dọ̀ bàbá.

Àwọn dókítà kan ní ká kọ́ àwọn a-to-eegun níṣẹ́: kí wọ́n tú ìdì bí ẹsẹ̀ bá wú, kí wọ́n má fi aṣọ bo ìka, kí wọ́n tètè gbé ẹni tí eegun rẹ̀ bá yọ síta lójú egbò lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn mìíràn ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n á gbé kọ́ ara ògiri ni ẹ̀kọ́ náà á dà. Mo rí òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n èmi ń wo ibi tí owó ń gbà. Ọ̀rọ̀ "àjọṣe" dùn létí nínú àpérò. Ilé ìwòsàn tó ń bèèrè owó àsansílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kò tíì sọ bí yóò ṣe gba ẹni tí bàbá bá rán wá lálẹ́ láìlówó lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó tíì ṣàlàyé ohun tí bàbá fúnra rẹ̀ máa jẹ lórí oníbàárà tó bá dá padà.