Òkè Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ìṣòro Òwú Nínú Rírán Ìbora Alábùlẹ̀

Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn wọ ilé ọmọ Yorùbá ní ìlú Lomé, ìbáà ṣe ní Anagokomé tàbí nítòsí ọjà Assigamé, kí ó má bá àpò kan tí ìgékù aṣọ kún inú rẹ̀. Ìgékù aṣọ ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ti aṣọ ẹbí tí a wọ̀ síbi ìsìnkú bàbá àgbà wà níbẹ̀, àti ti pagne tí ìyá kò rí irú rẹ̀ rà mọ́. Láti ìgbà àwọn Nana Benz, àwọn obìnrin oníṣòwò tó sọ Lomé di ojúkò òwò aṣọ wax tó ń ti Netherlands wá, ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ti ń wọ ilé wa ní pagne kọ̀ọ̀kan, yáàdì 2 lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ àwòrán ìgbà náà kò sí lórí àtẹ mọ́. Iná tó jó ilé ọjà ńlá náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 sì kó ẹrù aṣọ púpọ̀ lọ. Ẹni tó bá ba ohun tó wà nínú àpò yẹn jẹ́ lè má rí òmíràn fi rọ́pò.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan, lọ́kùnrin lóbìnrin, ń fi irú ìgékù bẹ́ẹ̀ rán ìbora alábùlẹ̀ lórí ẹ̀rọ inú ilé. Àwọn mìíràn ní àṣà òyìnbó ni. Kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wo agọ̀ egúngún ní ìhà Kétu àti Sakété: aṣọ lórí aṣọ, àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀, etí rẹ̀ tí a gé bí eyín ayùn, tí ìdílé sì ń fi aṣọ tuntun kún un bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ní ti ìbora, ìpele mẹ́ta ni a ń rán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: àbùlẹ̀ lókè, ohun tó nípọn láàárín, aṣọ kan nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń rán bùbá láìsí wàhálà lè bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú tàbí kí ó máa fo ojú ìrán, kí òwú sì máa ta kókó lábẹ́ aṣọ, gẹ́rẹ́ tó bá kan ìpele mẹ́ta yìí.

Kókó abẹ́ aṣọ yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá yí aṣọ padà tí wọ́n rí i, wọ́n á ní kànẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni kànẹ́ẹ̀tì wà. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tún un fi síbẹ̀, wọ́n á yí róbótó tó ń fún òwú sọ́tùn-ún sósì títí ohun gbogbo yóò fi dàrú. Èrò tiwa ni pé ibi tí wọn kò wò ni àìsàn náà wà. Òwú tó ta kókó nísàlẹ̀, òwú òkè ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ojú ìrán kan ṣe ń wáyé. Abẹ́rẹ́ a gbé òwú òkè sọ̀ kalẹ̀, ìkọ́ tó ń yí nísàlẹ̀ a mú un, a sì fi yí kànẹ́ẹ̀tì po. Lẹ́yìn náà ni apá irin tó ń lọ sókè-sódò níwájú ẹ̀rọ a fa àṣẹ́kù òwú padà sókè. Ibi tí òwú méjèèjì ti kọ́ ara wọn yẹ kó fara pamọ́ sínú ìpele àárín. Bí òwú òkè kò bá kọjá nínú ihò apá irin náà, tàbí bí ohunkóhun kò bá dì í mú, yóò kàn máa kóra jọ sábẹ́ aṣọ. Àwo irin pẹlẹbẹ méjì ló ń dì í mú. Wọ́n a ṣí nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, pied-de-biche, bá wà lókè, wọ́n a sì pa dé nígbà tó bá wà nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè kí ẹ tó fi òwú sí i. Ẹni tó fi òwú sí i nígbà tí ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, òwú rẹ̀ kò wọ àárín àwo náà rárá, kò sì sí bí yóò ti yí róbótó tó tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Àwọn tó ń fi ìrán ya òdòdó tàbí ìlà wíwọ́ sórí ìbora máa ń sọ eyín ẹ̀rọ kalẹ̀, kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn darí aṣọ. Nítorí pé ẹsẹ̀ tí wọ́n ń lò fún un kì í tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ púpọ̀, wọ́n a máa gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀. Ojú lè má rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n àwo irin mọ̀ ọ́n.

Ní ti fífo ojú ìrán, abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fura sí. Àwọn àgbà ní abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Nídìí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ tó ti kújú tàbí tó tẹ̀ díẹ̀ kì í lọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò ní bá ìkọ́ pàdé lákòókò. Nọ́ńbà 90/14 ló dára fún ìpele mẹ́ta. Bí ihò abẹ́rẹ́ bá kéré jù fún òwú, yóò máa bó òwú náà títí yóò fi já. Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ lẹ́yìn bíi wákàtí 8 ìránṣọ, kí ẹ sì kọ apá rẹ̀ tó tẹ́jú sí ibi tí ìwé ẹ̀rọ yín sọ. Afẹ́fẹ́ òkun ìlú wa kì í jẹ́ kí irin pẹ́ kó tó dípẹtà, nítorí náà ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ láti ọdún dé ọdún. Wax tuntun pẹ̀lú le lára. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, yóò rọ̀, yóò sì sún kì tó bá fẹ́ sún kì kí ó tó di ara ìbora.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣọ́ owó ná, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí òwú. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: èyí tó ní irun lára tó sì ní kókó kéékèèké kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ lè ṣọ́ owó ná lórí ìpele àárín. Ouate tó nípọn kò pọn dandan nínú ooru Lomé. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tó ti rọ̀ ti tó.

Ìbora wúwo. Bí apá kan rẹ̀ bá ń rọ̀ sílẹ̀ láti orí tábìlì, yóò máa fa abẹ́rẹ́ tẹ̀, nítorí náà ẹ gbé àga sí òsì àti sí ẹ̀yìn kó lè gbà á dúró. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá ìdọ̀tí òwú kúrò lábẹ́ àwo ẹ̀rọ. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, èémí tutù, irin kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ó tó kan róbótó. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ to ìgékù ìpele mẹ́ta kan náà jọ, ẹ fi òwú pupa sókè, ẹ fi funfun sínú kànẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì rán ìlà kan. Bí funfun bá yọ lókè, ẹ dẹ òwú òkè díẹ̀; bí pupa bá yọ nísàlẹ̀, ẹ fún un díẹ̀.

Bí ẹ bá sì ní láti tú ìrán lára pagne ìyá àgbà, ẹ má fa òwú já láti ìkángun kan. Ẹ máa gé ojú ìrán kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ìsàlẹ̀, òwú òkè yóò bọ́ jẹ́jẹ́. Ẹ fi omi díẹ̀ tọ́ àwọn ihò tó kù, kí ẹ sì fi èékánná ha á síhìn-ín sọ́hùn-ún títí fọ́nrán aṣọ yóò fi padà sí àyè rẹ̀. Bí aṣọ náà bá ti gbó jù fún èyí, ẹ fi àbùlẹ̀ mìíràn bò ó.