Ẹ má fi ìwé bàbá àgbà yín di ẹ̀pà o!

Àpótí ìwé bàbá àgbà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láwọn ilé kan ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Àwọn kan ń fi ìwé inú ẹ̀ dáná, àwọn mí-ìn ń tà á.

Bẹ́ẹ̀, nǹkan ńlá ni ìwé. Lọ́jọ́ 28, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1854, Kòsọ́kọ́, ọba tí òyìnbó fi àgbá lé kúrò l'Ékòó ní 1851, tọwọ́ bọ̀wé ní Ẹ̀pẹ́ pé òun ò du oyè Èkó mọ́. Ní 1865 ni Glover kó ṣọ́jà lọ sí Ìkòròdú, tó lé ogun Ẹ̀gbá tó dó ti ìlú náà. Lẹ́tà tí àwọn òyìnbó kọ nígbà náà wà ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń gbé e gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin.

Èyí tó wà nílé ńkọ́? Àwọn tó ń ṣa ìwé, máàpù àti àwòrán àtijọ́ jọ máa ń fowó gidi rà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tà á, ẹ rántí ilẹ̀ yín. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, abala 155, sọ pé bí ìwé bá ti pé 20 ọdún, tó sì wá láti ọwọ́ ẹni tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹ̀, adájọ́ lè gbà pé ojúlówó ni ọwọ́ tí wọ́n fi sí i, kódà bí gbogbo ẹlẹ́rìí ti kú.

Risíìtì ilẹ̀ àtijọ́ lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí, ẹ̀rí ni. Tó bá ti dọ́wọ́ oníṣòwò, ó lè di ẹ̀ṣọ́ ara ògiri lásán.

Ẹni tó bá ta ìwé ilẹ̀ bàbá ẹ̀, kó má sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ sí kóòtù o!