Tor

Tor jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀fẹ́ tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn lo íntánẹ́ẹ̀tì láìfi ara rẹ̀ hàn. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ ìkékúrú The Onion Router, nítorí pé ó máa ń fi ààbò wé ọ̀rọ̀ ní ìpele-ìpele, gẹ́gẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

Ìwúlò rẹ̀

Nípasẹ̀ àdírẹ́sì IP, ojú òpó tí ènìyàn bá bẹ̀ wò lè mọ ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta dátà fún un àti agbègbè tí ó ṣeé ṣe kí ó wà. Ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú lè mọ ojú òpó tí oníbàárà rẹ̀ ń lọ. HTTPS máa ń bo ohun tí ènìyàn kà tàbí tí ó kọ, ṣùgbọ́n kì í sábà bo orúkọ ojú òpó. Fún aláìsàn tí ó ń kà nípa àrùn tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀, orúkọ náà nìkan tó láti tú àṣírí.

Ìtàn

Ní àárín àwọn ọdún 1990, Paul Syverson, Michael Reed àti David Goldschlag gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní ilé ìwádìí Ọmọ-ogun Ojú Omi Amẹ́ríkà. Syverson, Roger Dingledine àti Nick Mathewson ni ó ṣe Tor, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002. A ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, nítorí pé bí àwọn ọmọ-ogun nìkan bá ń lò ó, ẹnikẹ́ni tí a bá rí lórí rẹ̀ yóò ti di mímọ̀ ní ọmọ-ogun. Àjọ Tor Project, tí kì í ṣe fún èrè, bẹ̀rẹ̀ ní 2006.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Tor Browser ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wọ Tor. Ọ̀rọ̀ máa ń gba orí kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń bójú tó kọjá, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan a sì bó ìpele ààbò kan. Ti àkọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ó ń lọ. Ti àárín mọ kìkì àwọn méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti ìkẹyìn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ó fi í ránṣẹ́. Níbi yìí ni ó ti yàtọ̀ sí VPN, nínú èyí tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lè mọ ìpẹ̀kun méjèèjì.

Ààlà agbára rẹ̀

Tor kò lè bo ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ bá sọ. Ẹni tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ wọ Facebook láti orí Tor ti fi ara rẹ̀ han Facebook. Bákan náà, kọ̀ǹpútà ìkẹyìn lè ka ọ̀rọ̀ tí kò bá ní ààbò HTTPS. Ní 2007, Dan Egerstad, ọmọ Swídìn, gbé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, ó sì rí páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì àwọn ilé-iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè kan. Ẹni tí ó bá lè ṣọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan náà tún lè fi àkókò tí ọ̀rọ̀ ń kọjá dá olówó rẹ̀ mọ̀. Ilé-iṣẹ́ dátà sì sábà máa ń mọ̀ pé ènìyàn ń lo Tor, bí kò tilẹ̀ mọ ohun tí ó ń fi ṣe.